Kí Ni Ẹ̀yin Fúnra Yín Ń Fẹ́? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Agbẹnusọ Arúgbó Nínú Ilé Ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà

Okùn agogo ni ojú mi kọ́kọ́ bà lé. Okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí bọ́tìnnì pupa wà ní ìdí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn gbogbo ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, kí ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, tàbí tí ara bá ń ro, tàbí tí ó fẹ́ yàgbẹ́ lè tẹ̀ ẹ́, kí nọ́ọ̀sì sì yọjú sí i. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí mo ń wí yìí, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ká okùn náà mọ́ irin orí ibùsùn lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ sì ni apá ọ̀tún gan-an ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti pa lára bàbá tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan, tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa ṣe agbẹnusọ fún àwọn tí ń gbé ilé náà, ni mo tẹ̀ lé wọlé pẹ̀lú àṣẹ bàbá ọ̀hún. Mo rò pé yóò figbe ta, pé yóò pe ọ̀gá nọ́ọ̀sì, pé yóò na ọwọ́ sí okùn náà bí ẹni ń fi ẹ̀rí hàn ní kóòtù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó kí ojú òun àti ojú bàbá lè dọ́gba, ó béèrè bóyá kí òun gbé okùn náà wá sí apá òsì, ó gbé e síbẹ̀ nígbà tí bàbá náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn èyí ló wá bi í pé kí ni bàbá fúnra rẹ̀ ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ agogo kọ́ ni bàbá fi dá a lóhùn. Ó ní bọ́ọ̀sì ni òun fi ọ̀pọ̀ ọdún wà, pé aago mẹ́rin ìdájí ni òun máa ń jí láyé òun, pé aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbé òun dìde nínú ilé yìí, àti pé ohun kan ṣoṣo tí òun ń fẹ́ kí òun tó kú ni kí òun máa jókòó lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́.

Iṣẹ́ ìyá yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láì mọ̀ ọ́n: àwọn kan nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Houston, ní Baltimore àti ní Chicago, àwọn mìíràn sì ti ń mú ìyá àti bàbá wọn lọ síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó tì wọ́n nílé. Orúkọ tí òfin Amẹ́ríkà pe olórí iṣẹ́ náà ni Ombudsman, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Sweden, tí wọ́n ti fi irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ láti 1809 kí ó lè máa gbọ́ ẹ̀sùn tí mẹ̀kúnnù bá ní sí àwọn aláṣẹ. Èmi yóò máa pè é ní agbẹnusọ, nítorí pé ẹnu tirẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń sọ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá sì di ìyàtọ̀ kékeré yìí mú ti di ìdí iṣẹ́ náà mú.

Bí ọ̀rọ̀ agbẹnusọ ṣe dé ilé ìtọ́jú kò ṣẹ̀yìn owó. Nígbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, àti Medicaid, ètò ti àwọn tí owó wọn kò tó, ní 1965, tí owó ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọ àpò àwọn onílé ìtọ́jú, ilé wọ̀nyí hù káàkiri bí koríko lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ẹni tó mọ ìtọ́jú kọ́ ọ, ẹni tó jẹ́ pé owó nìkan ló mọ̀ náà kọ́ ọ. Ní January 1970, iná jó ilé ìtọ́jú kan ní ìlú Marietta, ní Ohio, èèyàn tó lé ní 30 ló sì kú nínú rẹ̀. Ní àkókò yẹn náà ni David Pryor, ọ̀dọ́mọkùnrin aṣòfin láti Arkansas, ṣe ohun tí èmi kà sí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí ju gbogbo ìwé òfin lọ: ní òpin ọ̀sẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù ọlá sílẹ̀, ó fi oyè rẹ̀ pamọ́, ó sì lọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ nínú àwọn ilé ìtọ́jú tó wà ní agbègbè Washington, tí ojú rẹ̀ fi rí ohun tí àlejò tó bá kọ̀wé ránṣẹ́ ṣáájú kò lè rí láéláé. Nígbà tí ó gbé ohun tó rí dé ilé aṣòfin, tí àwọn àgbà ibẹ̀ kọ̀ láti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó, kò rẹ̀wẹ̀sì. Ó gbé ilé onítáyà kalẹ̀ nínú ọgbà ilé epo kan nítòsí ilé aṣòfin, ibẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ti ń ṣiṣẹ́ náà lọ. Ìgbìmọ̀ tó bẹ̀bẹ̀ fún kò dé títí di 1974, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kúrò nílé aṣòfin ọ̀hún.

Ní 1971 Ààrẹ Nixon kéde ètò àtúnṣe fún àwọn ilé ìtọ́jú, ní ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n sì dán iṣẹ́ agbẹnusọ wò ní ìpínlẹ̀ márùn-ún, tí í ṣe Idaho, Michigan, Pennsylvania, South Carolina àti Wisconsin. Arthur Flemming, tó jẹ́ olórí ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló ké sí gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù ní 1975 pé kí wọ́n gbé e bọ ilé. Ní 1978 ó di òfin tí ìpínlẹ̀ kankan kò lè yẹ̀ sílẹ̀, ní 1981 sì ni wọ́n nà án dé àwọn ilé kéékèèké tí arúgbó mélòó kan ń gbé pọ̀ láì sí nọ́ọ̀sì lọ́sàn-án lóru.

Ṣùgbọ́n òfin tó fún iṣẹ́ náà ní eegun ẹ̀yìn ni ti 1987, bí wọ́n sì ṣe dé ibẹ̀ yẹ ní sísọ. Elma Holder, obìnrin tó dá ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú sílẹ̀ ní 1975 láti jà fún àtúnṣe ilé ìtọ́jú, rí i pé àwọn dókítà, àwọn onílé ìtọ́jú àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń jiyàn láti ọdún gbọ́ọrọ lórí ohun tí à ń pè ní ìtọ́jú tó dára, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú léèrè. Ẹgbẹ́ rẹ̀ wá lọ bi wọ́n. Ní ìlú 15, wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé ìtọ́jú tó lé ní 400, wọ́n sì gbé ìdáhùn wọn jáde ní 1985. Oògùn kọ́ ni àwọn arúgbó náà fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ olùtọ́jú tó ní ojú àánú, wọ́n sọ̀rọ̀ oúnjẹ tó ṣe é jẹ, wọ́n sọ̀rọ̀ àǹfààní láti fi ẹnu ara ẹni pinnu bí ọjọ́ ẹni yóò ṣe rí. Ohùn wọn wọ inú òfin tí Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí ní December 1987, òfin tó sọ pé a kò gbọdọ̀ de arúgbó mọ́ àga tàbí kí a fi oògùn pa á ní ìyè kí iṣẹ́ lè rọ òṣìṣẹ́ lọ́rùn, pé ó ní ẹ̀tọ́ sí ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, pé ó lè fi ẹ̀sùn sùn láì bẹ̀rù ẹ̀san, pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè dá ìgbìmọ̀ ará ilé sílẹ̀, àti pé ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ tì mọ́ agbẹnusọ tó bá fẹ́ rí i.

Kí wá ni olùyọ̀ǹda lè ṣe, kí sì ni kò gbọdọ̀ ṣe? Wọ́n á kọ́ ọ fún wákàtí 36 ó kéré tán kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ, wọ́n á sì máa kọ́ ọ fún wákàtí 18 lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Kò ní gba kọ́bọ̀. Kò gbọdọ̀ ní ìpín nínú ilé náà, kò gbọdọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kò ní gbé arúgbó dìde, kò ní fún un lóògùn, bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ ń fà á láti ṣe é, nítorí pé ní ọjọ́ tó bá ti di olùtọ́jú ni ó ti di ara ilé iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́. Ohun tó ní ni ẹsẹ̀, ojú, etí àti ẹnu: ó ń wọlé láì ránṣẹ́ ṣáájú, ó ń kiri láti yàrá dé yàrá, ó ń gbọ́, bí arúgbó bá sì fún un láṣẹ, ó ń ka ìwé ìtọ́jú rẹ̀, ó ń bá ọ̀gá ilé sọ ọ́, ó ń bá a lọ sí ìpàdé. Àwọn olùbẹ̀wò ìjọba, tí wọ́n ní agbára láti fi owó ìtanràn lélẹ̀, lè má dé fún oṣù 15. Olùyọ̀ǹda ni ó ń dé ní ọjọ́ Ṣátidé lásán tí ọ̀gá kò sí nílé, ní àsìkò oúnjẹ alẹ́ tí òórùn ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Mo dé ibi tó le fún ọmọ Yorùbá jù lọ wàyí. Láàrin wa, ìfẹ́ ni a fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà. Bí ìyá bá ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, àwọn ọmọ a pàdé, wọ́n a dá ibi tí yóò gbé, wọ́n a dá ohun tí yóò jẹ, wọ́n a dá ẹni tí yóò máa bá a sùn, bí a bá sì béèrè pé kí ni ìyá wí sí i, a ní ìyá ò mọ nǹkan mọ́, pé ohun tó dára fún un ni à ń ṣe. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ṣe é tọkàntọkàn. Agbẹnusọ kò gbọdọ̀ ṣe é. Bí arúgbó tó ní àtọ̀gbẹ bá ní òun fẹ́ jẹ àkàrà òyìnbó lọ́jọ́ ìbí òun, tí dókítà ti ṣàlàyé ewu ibẹ̀ fún un tó sì yé e, ẹ̀tọ́ arúgbó láti pinnu ni agbẹnusọ yóò gbè, bí òun tìkára rẹ̀ tilẹ̀ rò pé kò yẹ kí ó jẹ ẹ́. Àwọn baba wa ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Agbẹnusọ lè fi ìwà tọmọ jẹ́ iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ àti ojú tó rẹwà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí arúgbó rán an kò gbọdọ̀ yí padà lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ẹlòmíràn kò sì lè mọ̀ ọ́n ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Láti inú èyí ni òfin àṣírí ti jáde. Ohun tí arúgbó bá sọ fún agbẹnusọ, àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́, kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ láì jẹ́ pé arúgbó náà ní kí ó sọ ọ́. Ọ̀gá ilé kò lè fipá gbà á, àwọn ọmọ arúgbó pàápàá kò lè gbà á. Ó ṣòro fún àwọn kan láti gba èyí, wọ́n ní bí ìyà bá ń jẹ arúgbó, ṣé kí ènìyàn dákẹ́ ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ro ipò ẹni tí ọwọ́ ẹlòmíràn ni omi tí yóò mu wà, tí ọwọ́ ẹlòmíràn ni aṣọ ìdí rẹ̀ wà, tí ó mọ̀ pé agbẹnusọ yóò lọ sílé lálẹ́, olùtọ́jú tí òun fẹjọ́ rẹ̀ sùn ni yóò sì wá ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Òfin ka ẹ̀san léèwọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀san kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ìgbájú, ó lè jẹ́ omi tó pẹ́ kí ó tó dé. Nítorí náà ni agbẹnusọ ọlọgbọ́n ṣe ń wá ọ̀nà tí yóò fi tún nǹkan ṣe láì tú ẹnì kan síta: bí arúgbó kan bá sọ pé oúnjẹ ń tutù kí ó tó dé yàrá òun, yóò lọ dúró síbi tí wọ́n ti ń pín in lọ́jọ́ kejì, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i, yóò sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí ń dé etí àwọn agbẹnusọ ní ilé ìtọ́jú tó ní nọ́ọ̀sì, ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹ̀sùn lílé arúgbó jáde ti ń léwájú, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. Medicare ń san owó gbogbo fún 20 ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó ń san apá kan títí di ọjọ́ 100, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró. Bí arúgbó bá wá bọ́ sọ́wọ́ Medicaid, tí owó tó ń san kéré, àwọn onílé ìtọ́jú kan a máa wo ibùsùn yẹn bí ẹni ń wo ilé ìtajà tí kò mówó wọlé. Ohun mẹ́fà péré ni òfin gbà láti lé ènìyàn: bí ilé náà kò bá lè pèsè ìtọ́jú tí ara arúgbó ń fẹ́, bí ara rẹ̀ bá ti le tí kò nílò ìtọ́jú náà mọ́, bí ìwà tàbí àìsàn rẹ̀ bá ń fi ààbò àwọn ẹlòmíràn sínú ewu, bí ìlera àwọn ẹlòmíràn bá wà nínú ewu nítorí rẹ̀, bí kò bá sanwó lẹ́yìn tí wọ́n ti fi tó o létí tó, tàbí bí ilé náà bá fẹ́ kógbá sílé. Ìwé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, bí kò bá jẹ́ pé ọ̀ràn pàjáwìrì ni, ẹ̀dà ìwé náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì Ombudsman.

Ibí yìí ni wákàtí 36 ẹ̀kọ́ ti ń sanwó ara rẹ̀. Agbẹnusọ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í bínú nígbà tí arúgbó bá na ìwé náà sí i pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ó ń kà á ni. Ṣé ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ wà lára mẹ́fà yẹn? Ṣé ọjọ́ wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ? Ṣé wọ́n kọ ibi tí yóò ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn? Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ìwé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bí arúgbó bá sì ti pe ẹjọ́ ní àsìkò, wọn kì í sábà lè gbé e kúrò títí ẹjọ́ yóò fi parí. Àwọn kan wà tí wọn kò tilẹ̀ kọ ìwé rárá: wọn á gbé arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ pé orí rẹ̀ dàrú, nígbà tí ilé ìwòsàn bá sì ní kí ó máa padà lọ, wọn á ní ibùsùn ti kún. Èyí ni mo kà sí ìwà ìkà jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ẹni tí a ṣe é sí ti sọ ilé àti aṣọ rẹ̀ nù kí ó tó mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀.

Ẹ̀sùn kékeré náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nínú ilé kan tí wọ́n pè mí sí láti wá túmọ̀ èdè, ìyá Yorùbá kan wà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ pé etí rẹ̀ ti ń di àti pé kì í dá ènìyàn lóhùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ orúkọ àbísọ rẹ̀ lásán ni àwọn ọmọ ogún ọdún fi ń pè é láàárọ̀ àti lálẹ́, láì sí Màmá, láì sí ìyá, ọ̀nà tí ó jẹ́ pé ọ̀yàyà ni lójú àwọn ará Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ìgbájú létí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ pàápàá kò fi orúkọ pè rí láyé. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo fi oríkì rẹ̀ pè é lẹ́yìn tí ó ti sọ ọ́ fún mi, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Agbẹnusọ ní kí n bi í pé kí ni ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Ó ní Màmá tó. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìtọ́jú rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, láàrin ọ̀sẹ̀ méjì etí tó di sì ti là.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti òṣìṣẹ́ náà, nítorí pé a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ wa ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń fẹjọ́ wọn sùn. Mo mọ obìnrin tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ́ sí iṣẹ́ òwúrọ̀ láì fojú kan oorun, tí arúgbó mẹ́rìnlá wà níkàáwọ́ rẹ̀, tí agogo mẹ́rin ń dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; ọwọ́ méjì péré ni Ọlọ́run dá mọ́ ọn. Ní 2024 ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin pé iye òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó kí arúgbó kọ̀ọ̀kan lè rí ìtọ́jú fún wákàtí 3.48 lóòjọ́, àwọn onílé ìtọ́jú ní àwọn kò lè rí òṣìṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ gbà, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Texas sì wọ́gi lé e ní 2025. Agbẹnusọ tó bá sọ olùtọ́jú di ọ̀tá ti ṣìnà, nítorí pé ẹnu olùtọ́jú yẹn gan-an ni ojútùú sábà máa ń wà. Ẹ rántí bàbá awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ọ̀gá ilé ti sọ pé kò ṣeé ṣe, pé àwọn òṣìṣẹ́ òwúrọ̀ kò lè gbé e dìde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí pé wọn kì í dé kí aago méje tó lù. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló wá sọ nínú ìpàdé pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi bàbá ṣe ẹni ìkẹyìn tí òun yóò tọ́jú kí òun tó lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà gbà, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Agbẹnusọ kò ní pàṣán. Kò lè ti ilé pa, kò lè fi owó ìtanràn lélẹ̀, kò lè lé òṣìṣẹ́; bí ọ̀rọ̀ ẹnu kò bá tó, ó lè gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn olùbẹ̀wò ìpínlẹ̀ tàbí sọ́dọ̀ amòfin, bí arúgbó bá gbà bẹ́ẹ̀. Wọn kò sì pọ̀ tó. Nǹkan bí 15,000 ni ilé ìtọ́jú tó ní nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń gbé inú wọn sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ní 1995 ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kan tó gbé iṣẹ́ náà yẹ̀ wò dá a lábàá pé kí òṣìṣẹ́ agbẹnusọ kan tó ń gba owó oṣù wà fún ibùsùn 2,000 ó kéré tán, ìwọ̀n tó fi hàn fúnra rẹ̀ pé láì sí àwọn tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, arúgbó ò ní rí agbẹnusọ lójú. Ṣáájú àrùn Kòrónà, nǹkan bí 6,000 ni àwọn olùyọ̀ǹda tó ní ìwé àṣẹ, ẹ̀sùn tó sì ń wọlé lọ́dún tó nǹkan bí 200,000. Lẹ́yìn náà ni March 2020 dé, tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìtọ́jú mọ́ gbogbo àlejò, tí wọ́n sì tì í mọ́ agbẹnusọ pẹ̀lú. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ojú fèrèsé àti fóònù ni a fi ń kí àwọn tó wà nínú ilé, àwọn arúgbó àti òṣìṣẹ́ tí àrùn náà pa nínú ilé ìtọ́jú sì lé ní 200,000 kí ọdún méjì tó pé. Mo gbà pé ẹ̀rù àrùn kì í ṣe ẹ̀rù lásán; ṣùgbọ́n mo dá a lẹ́jọ́ pé àṣìṣe ńlá ni láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni kan ṣoṣo tí òfin yàn láti wo inú ilé ní àkókò tí inú ilé ṣókùnkùn jù lọ. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀pọ̀ olùyọ̀ǹda, tí àwọn náà ti dàgbà, kò padà wá mọ́, àyè wọn kò sì tíì kún dòní.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Ní England, òfin Mental Capacity Act ti 2005 ní kí wọ́n yan agbèjà fún ẹni tí kò lè pinnu fúnra rẹ̀ tí kò sì ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́, bí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú tàbí fún un ní ìwòsàn tó lágbára, iṣẹ́ olówó oṣù sì ni níbẹ̀. Ní Victoria, ní Australia, ayọ̀ǹda ara ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Community Visitors, wọ́n sì ń yọjú láì ránṣẹ́. Nílẹ̀ wa, ilé ìtọ́jú arúgbó kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń pọ̀ sí i ní Èkó àti Ìbàdàn. Òfin 2017 ló dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mo sì rọ àwọn tó wà nídìí rẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ojú àjèjì gbọ́dọ̀ máa wọ inú ilé wọ̀nyí, kí iná má baà jó wa bí ti Marietta kí a tó gbọ́n.

Ọ̀ràn kan ṣẹ́ kù tó le ju gbogbo èyí lọ: ti ẹni tí àrùn ìgbàgbé ti mú. Báwo ni a ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí kò lè ránni níṣẹ́ mọ́? Ìlànà ni pé kí agbẹnusọ kọ́kọ́ bá arúgbó náà sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ ọjọ́ òní lè mọ̀ dájúdájú pé òun kò fẹ́ ìwẹ̀ omi tútù. Lẹ́yìn náà kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dúró fún un lábẹ́ òfin, kí ó wádìí ohun tó fẹ́ràn nígbà tí ara rẹ̀ dá, bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó dúró fún un ló ń jẹ owó rẹ̀ tàbí tó ń fi ìyà jẹ ẹ́, kí ó kọjá rẹ̀. Ẹni tó bá ti sún mọ́ irú àwọn arúgbó bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé èdè tí wọ́n kọ́ kẹ́yìn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Màmá tó fi ogójì ọdún sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Chicago, tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, tó fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ ọmọ, a jí lọ́jọ́ kan, a sì máa fi èdè ìyá rẹ̀ béèrè omi. Nọ́ọ̀sì a ní ìyá yìí ń ṣe ràn-ìn-ràn-ìn. Kò ṣe ràn-ìn-ràn-ìn. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun ni, ó sọ ọ́ ketekete, kò kàn sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú ilé náà ni.

Nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin olùkọ́ àtijọ́, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin alhaji tí ẹ ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ kò fi ṣe nǹkan kan. Ẹ kò nílò ìwé ẹ̀rí gíga, ẹ kò nílò mọ́tò ńlá. Ọ́fíìsì Ombudsman wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50 àti ní Washington, D.C. Ẹ pe ti ìpínlẹ̀ yín, ẹ ní ẹ fẹ́ gba ẹ̀kọ́ wákàtí 36 náà, kí ẹ sì jọ̀wọ́ sọ fún wọn pé ẹ gbọ́ Yorùbá.